Gbígba Agbẹjọ́rò fún Ẹjọ́ Àjùmọ̀pè ní Amẹ́ríkà

Ẹjọ́ àjùmọ̀pè ni ẹjọ́ tí ẹnì kan tàbí ènìyàn díẹ̀ pè lórúkọ ara wọn àti lórúkọ ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn tí ohun kan náà ṣe. Àwọn tó gbé ẹjọ́ náà síwájú adájọ́ ni aṣojú. Gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ìbáà jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ìbáà jẹ́ mílíọ̀nù kan, ni agbo olùpẹjọ́. Ìdájọ́ tó bá jáde de gbogbo agbo náà, títí kan ẹni tí kò dé ilé-ẹjọ́ rí àti ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ pé ẹjọ́ kan ń lọ. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹjọ́ gbèsè láàárín ẹni méjì. Aṣojú lè mú agbẹjọ́rò tó wù ú wá, ṣùgbọ́n adájọ́ ló ń fọwọ́ sí i pé kí ẹni náà dúró fún agbo. Adájọ́ náà ló ń pinnu iye tí yóò gbà, òun náà ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìlàjà tí agbẹjọ́rò bá bá ọ̀tá ṣe dára fún àwọn tí kò sí ní ìjókòó.

Amẹ́ríkà ni irú ẹjọ́ yìí ti gbilẹ̀ jù. Ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin tó ń darí rẹ̀ ni èyí tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Rule 23; púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ ló sì ní òfin tiwọn tó fara jọ ọ́. Kí adájọ́ tó gba ẹjọ́ wọlé gẹ́gẹ́ bí àjùmọ̀pè, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn pọ̀ débi pé kò rọrùn láti kó gbogbo wọn jọ. Pé ìbéèrè kan wà tó jẹ́ ti gbogbo wọn. Pé ohun tó ṣe aṣojú fara jọ ohun tó ṣe àwọn yòókù. Àti pé wọn yóò fi òdodo ṣojú àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ìlànà kẹrin yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ gbígba agbẹjọ́rò rọ̀ mọ́.

Ìtàn

Ilé-ẹjọ́ Chancery ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ẹjọ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ilé-ẹjọ́ náà ti ń gbà kí díẹ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ìjòyè kan, tàbí díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ tó ń bá àlùfáà wọn fa ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá, sọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ wọn, kí adájọ́ má baà máa gbọ́ ẹjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mélòó kan. Amẹ́ríkà jogún àṣà yìí. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1842 nínú Equity Rule 48, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé ìdájọ́ kò gbọdọ̀ pa ẹ̀tọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀ lára. Òfin tó rọ́pò rẹ̀ ní 1912 yọ gbólóhùn náà kúrò. Rule 23 fúnra rẹ̀ dé ní 1938.

Chicago ni ẹjọ́ tó fìdí ọ̀rọ̀ aṣojú múlẹ̀ ti wá. Ní 1937, Carl Hansberry, oníṣòwò ilé àti ilẹ̀ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ra ilé kan ní àdúgbò tí àwọn onílé ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn kò ní í ta ilé fún aláwọ̀ dúdú, àwọn kò sì ní í fi háyà fún un. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò ní í lágbára àfi bí àwọn tó ni ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ilẹ̀ àdúgbò náà bá tọwọ́ bọ̀ ọ́. Nǹkan bí ìdá 54 ló tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ kan tó ti ṣáájú, tọ̀tún-tòsì ti jọ gbà níwájú adájọ́ pé iye náà pé. Ilé-ẹjọ́ Illinois wá ní níwọ̀n ìgbà tí ẹjọ́ àkọ́kọ́ ti jẹ́ àjùmọ̀pè, ohun tí wọ́n gbà níbẹ̀ de Hansberry àti ẹni tó ta ilé fún un. Ní oṣù kọkànlá 1940, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ da èyí nù. Ó ní àwọn tó fẹ́ kí ìwé náà dúró àti àwọn tí kò fẹ́ ẹ kò lè jẹ́ agbo kan, ẹni tó ń jà fún ọ̀kan kò sì lè jẹ́ aṣojú èkejì. Lorraine Hansberry, ọmọ Carl, ló kọ eré A Raisin in the Sun tí wọ́n ṣe ní Broadway ní 1959, lórí ìdílé aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ kó lọ sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Látìgbà ẹjọ́ Hansberry, bí aṣojú àti agbẹjọ́rò kò bá ṣojú agbo lóòótọ́, ìdájọ́ wọn kò lè de agbo.

Ẹjọ́ Brown v. Board of Education, tó fòpin sí pípín ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba níyà fún dúdú àti funfun ní 1954, jẹ́ àjùmọ̀pè pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ló kó agbẹjọ́rò jọ fún àwọn òbí, Thurgood Marshall ló sì ṣáájú wọn. Ìpínlẹ̀ Virginia gbìyànjú láti dá ẹgbẹ́ náà dúró: ó ṣe òfin pé ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ máa wá oníbàárà fún agbẹjọ́rò. Ní 1963, nínú ẹjọ́ NAACP v. Button, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ti ìpéjọpọ̀ bo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilé-ẹjọ́ ni ibi kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún àwọn tí wọn kò fetí sí níbòmíràn. Ó yẹ kí a rántí ẹjọ́ yìí nígbà tí a bá ń ka ìpolówó agbẹjọ́rò lóde òní, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni ìlẹ̀kùn náà kọ́kọ́ ṣí fún. Ti owó tẹ̀ lé e: ní 1977, ẹjọ́ Bates v. State Bar of Arizona gba agbẹjọ́rò láyè láti polówó ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ilé-ẹjọ́ kan náà ní ìpínlẹ̀ lè jẹ agbẹjọ́rò níyà bó bá lọ bá ẹni tí ìjàǹbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lójúkojú láti fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 1966 ni wọ́n tún Rule 23 kọ; Benjamin Kaplan, olùkọ́ òfin ní Harvard, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gba owó nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá fi orúkọ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti wà nínú agbo, àfi ẹni tó bá yọ ara rẹ̀ kúrò. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Nínú àjùmọ̀pè ti òde òní, àwọn tó rán agbẹjọ́rò níṣẹ́ fọ́n káàkiri, púpọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé àwọn rán ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí òfin fi gbé adájọ́ sípò ẹni tí agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù.

Ta ló ń gba agbẹjọ́rò?

Nínú ẹjọ́ àwọn òǹrajà, agbẹjọ́rò ló sábà máa ń rí àṣìṣe ilé-iṣẹ́ kan kí àwọn tó jìyà rẹ̀ tó mọ̀, òun ló sì ń wá aṣojú. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan pàdánù kéré. Nínú ẹjọ́ Eisen v. Carlisle & Jacquelin, tó dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1974, ohun tí aṣojú fúnra rẹ̀ pàdánù kò ju 70 dọ́là lọ, àwọn tí wọ́n lè mọ orúkọ wọn nínú agbo sì lé ní mílíọ̀nù méjì. Kò sí ẹni tí yóò gba agbẹjọ́rò nítorí 70 dọ́là. Ní ọ̀nà kejì, ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn ló ń gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò. Ẹjọ́ ibi iṣẹ́, ẹjọ́ oògùn àti ẹjọ́ omi tàbí ilẹ̀ tó bàjẹ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ẹjọ́ àwọn tó ra ìpín ìdókòwò ní òfin tirẹ̀. Kí 1995 tó dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré dé ilé-ẹjọ́ ni agbẹjọ́rò rẹ̀ máa ń gba iṣẹ́ náà, àwọn ọ́fíìsì kan sì ní àwọn ènìyàn nílẹ̀ tí wọ́n ní ìpín kékeré nínú ilé-iṣẹ́ púpọ̀, tí wọ́n kàn ń dúró kí ọ̀kan nínú wọn ṣubú. Òfin tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe lọ́dún náà ní kí ẹni tó bá pe ẹjọ́ kéde rẹ̀ láàárín ogún ọjọ́, kí àwọn yòókù ní ọgọ́ta ọjọ́ láti wá sọ pé àwọn fẹ́ ṣáájú, kí adájọ́ sì gbà pé ẹni tí àdánù rẹ̀ pọ̀ jù ló yẹ. Ẹni náà ló ń yan agbẹjọ́rò, adájọ́ á sì fọwọ́ sí i. Àwọn àjọ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ni òfin yìí gbé síwájú, nítorí pé wọ́n ní owó púpọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń dúnàá dúrà pẹ̀lú agbẹjọ́rò. Nínú ẹjọ́ Enron, ilé-iṣẹ́ agbára tó wó lulẹ̀, yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ California ló ṣáájú.

Nígbà tí ẹjọ́ tó jọra bá wà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀, ìgbìmọ̀ adájọ́ kan tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì dá sílẹ̀ ní 1968 lè kó gbogbo wọn fún adájọ́ kan ṣoṣo. Adájọ́ náà á yan agbẹjọ́rò díẹ̀ láti ṣáájú àwọn yòókù. Ẹni tó fúnra rẹ̀ gba agbẹjọ́rò ní ìlú rẹ̀ lè wá rí i pé ẹlòmíràn tí òun kò mọ̀ rí ló ń darí ẹjọ́ òun.

Ohun tí adájọ́ ń wò

Títí di 2003, òfin kò sọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò agbo lọ́tọ̀. Abẹ́ ọ̀rọ̀ aṣojú ni wọ́n ń tò ó sí. Lọ́dún yẹn ni wọ́n fi ẹ̀ka kan kún Rule 23 tó pàṣẹ pé kí adájọ́ wo iṣẹ́ tí agbẹjọ́rò ti ṣe láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìrírí rẹ̀ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, bó ṣe mọ òfin tó kàn án tó, àti ohun ìní tó ṣetán láti ná lé e. Ó tún lè yan agbẹjọ́rò fún ìgbà díẹ̀ kó tó pinnu bóyá àjùmọ̀pè ni ẹjọ́ náà.

Ìrírí ni àwọn ènìyàn máa ń bèèrè, ṣùgbọ́n ohun ìní ló ń dá ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò dúró. Nínú ẹjọ́ Eisen tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé ìfitónilétí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí wọ́n bá lè mọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, olùpẹjọ́ ló sì máa san owó rẹ̀. Iye náà lé ní igba ẹgbẹ̀rún dọ́là nígbà yẹn, ẹjọ́ náà sì parí síbẹ̀. Fi owó àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́rìí, owó ìwádìí ìwé àti owó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́wàá tí owó kankan kò wọlé kún un. Agbẹjọ́rò tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan kò lè gbé e, bó ti wù kó mòye tó, àfi kó bá ẹlòmíràn dòwò pọ̀.

Adájọ́ tún ń wò ó bóyá agbẹjọ́rò kan ń gbìyànjú láti sin ọ̀gá méjì tí ire wọn ta kora. Ẹjọ́ Amchem Products v. Windsor ti 1997 ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Eruku asbestos ló wà nídìí rẹ̀. Àwọn kan nínú agbo ti ń ṣàìsàn, wọ́n ń fẹ́ owó lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn ti fa eruku náà sínú ṣùgbọ́n ara wọn ṣì dá, wọ́n ń fẹ́ kí owó wà nílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé ìlàjà ńlá tí wọ́n ti ṣe, ó ní irú agbo bẹ́ẹ̀ kò lè wà lábẹ́ aṣojú kan náà.

Àdéhùn aṣojú àti agbẹjọ́rò

Aṣojú kì í sábà san owó kankan nígbà tó bá gba agbẹjọ́rò. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ni pé bí wọ́n bá jàre, agbẹjọ́rò á gba tirẹ̀ nínú ohun tí agbo bá rí. Bí wọ́n bá jẹ̀bi, kò sí owó iṣẹ́. Òfin ìwà agbẹjọ́rò ní kí irú àdéhùn yìí wà nínú ìwé, kí oníbàárà tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ó sì hàn nínú rẹ̀ bóyá wọ́n á yọ ìnáwó ẹjọ́ kúrò ṣáájú kí wọ́n tó ṣírò ìdá agbẹjọ́rò tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí kéré lójú, àmọ́ ó lè yí owó púpọ̀ padà. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá jẹ̀bi kì í san owó agbẹjọ́rò ẹni tó jàre, àfi níbi tí òfin bá sọ bẹ́ẹ̀ ní pàtó. Síbẹ̀ àwọn owó kéékèèké ilé-ẹjọ́ lè bọ́ sí i lọ́rùn. Ó tọ́ kí aṣojú bi agbẹjọ́rò pé ta ni yóò gbé ìyẹn bí ẹjọ́ bá yí bìrí.

Àwọn ìbéèrè mìíràn wà tí agbẹjọ́rò gidi kì í bínú sí: ẹjọ́ mélòó ni adájọ́ ti fi í ṣe olórí rẹ̀ rí? Báwo ni wọ́n ṣe parí? Àwọn agbẹjọ́rò wo ló fẹ́ bá pín iṣẹ́ náà, báwo ni wọ́n sì ṣe máa pín owó? Ṣé ẹnì kan láti ìta ló ń fi owó ṣe onígbọ̀wọ́ ẹjọ́ náà? Agbẹjọ́rò náà ní ohun tó máa bèèrè. Ó máa fẹ́ rí rìsíìtì, lẹ́tà, ìwé owó oṣù tàbí ìwé dókítà. Ó máa sọ fún aṣojú pé wọ́n lè fi ọjọ́ kan gbáko fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lábẹ́ ìbúra, pé ó gbọ́dọ̀ ka ìwé ẹ̀sùn kó sì yé e, àti pé kò gbọdọ̀ gba ìlàjà tó tu òun nìkan lára. Bí aṣojú bá jẹ́ ìbátan agbẹjọ́rò tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ adájọ́ ni kò ní í gbà á.

Kí wọ́n tó lọ jìnnà, agbẹjọ́rò máa wo ìwé àdéhùn tí oníbàárà ti bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe. Púpọ̀ nínú ìwé fóònù, ti báńkì àti ti iṣẹ́ ló ní gbólóhùn pé ìjà kankan kò ní í dé ilé-ẹjọ́, pé onílàjà aládàáni ni yóò gbọ́ ọ, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2011, nínú ẹjọ́ AT&T Mobility v. Concepcion, tó bẹ̀rẹ̀ lórí owó orí 30.22 dọ́là tí wọ́n gbà lórí fóònù tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní òfin ìpínlẹ̀ kò lè sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dòfo. Ìdájọ́ yìí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́.

Gbèdéke ọjọ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ kó tó pé tún wà. Láti ìgbà ẹjọ́ American Pipe ní 1974, bí wọ́n bá ti pe àjùmọ̀pè, ọjọ́ á dúró fún gbogbo ẹni tó wà nínú agbo títí adájọ́ yóò fi pinnu. Bí adájọ́ bá kọ̀ ọ́, ọjọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, olúkúlùkù á sì wá agbẹjọ́rò tirẹ̀. Ní 2018, ẹjọ́ China Agritech v. Resh fi kún un pé ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan ni ìdúró yẹn wà fún. Ẹni tó bá ti pẹ́ kò lè fi í pe àjùmọ̀pè mìíràn.

Owó iṣẹ́

Gbòǹgbò owó iṣẹ́ agbẹjọ́rò agbo ni ẹjọ́ Trustees v. Greenough ti 1881. Ọkùnrin kan tó ní ìwé gbèsè ní Florida ti fi ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ara rẹ̀ gba owó àjùmọ̀ni kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ilẹ̀ ibẹ̀ ṣòfò. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí wọ́n yọ owó agbẹjọ́rò rẹ̀ láti inú owó náà, nítorí pé kò tọ́ kí àwọn yòókù jẹ níbẹ̀ láì dá sí ìnáwó rẹ̀. Ẹjọ́ mìíràn ní 1885 jẹ́ kí agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀ lè bèèrè. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn ilé-ẹjọ́ ṣì dúró.

Ọ̀nà ìṣírò méjì ló wà. Ọ̀kan ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún: ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń bójú tó California àti àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn fi ìdá 25 ṣe òṣùwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, adájọ́ sì lè gbé e sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èkejì ni wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n sọ di púpọ̀ pẹ̀lú iye owó wákàtí kan. Adájọ́ púpọ̀ ń fi èkejì yẹ èkíní wò. Bí owó agbo bá ti pọ̀ tó ni ìdá náà sábà máa ń kéré sí i. Nínú ẹjọ́ Enron, tí ìlàjà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 7.2 dọ́là, ìdá 9.52 ni adájọ́ fọwọ́ sí ní 2008. Síbẹ̀ 688 mílíọ̀nù dọ́là nìyẹn.

Ibi tí agbẹjọ́rò ti ń rí tirẹ̀ gbà tí agbo kò rí nǹkan ló ń fa ìbínú jù, ìbínú náà sì tọ́. Àwọn ìlàjà kan wà tó jẹ́ pé tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó ni wọ́n fún àwọn ènìyàn, kí wọ́n fi tún padà ra ọjà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó rẹ́ wọn jẹ, nígbà tí agbẹjọ́rò gba owó gidi. Òfin Class Action Fairness Act, tí Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí ní oṣù kejì 2005, so owó agbẹjọ́rò nínú irú ìlàjà bẹ́ẹ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn lò ní ti gidi. Òfin kan náà ló jẹ́ kí ẹjọ́ tó bá lé ní mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, tí agbo rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn, lè bọ́ sọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ilé-ẹjọ́ kò tíì fẹnu kò lé lórí: ṣé aṣojú lè gba owó kún ìpín rẹ̀ nítorí wàhálà tó ṣe fún agbo? Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn adájọ́ ti ń fọwọ́ sí ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan fún aṣojú. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ń bójú tó Florida, Georgia àti Alabama ní irú owó bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Ìdí tó mú wá ni pé ẹjọ́ Greenough kan náà, tó gba owó agbẹjọ́rò láyè, ti kọ̀ láti san owó iṣẹ́ ara ẹni fún ọkùnrin tó jà fún àwọn yòókù. Ní 2022, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Boston kọ̀ láti tẹ̀ lé èrò yìí, ó ní Rule 23 ti òde òní yàtọ̀ sí ohun tí ilé-ẹjọ́ ti 1881 ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó jọ pé èrò Boston ni àwọn ilé-ẹjọ́ púpọ̀ ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ aṣojú ní Florida kò gbọdọ̀ fọkàn sí irú owó bẹ́ẹ̀. Èyí tó dájú ni pé owó tí agbẹjọ́rò bá yọ́ fún aṣojú lẹ́yìn adájọ́ jẹ́ ọ̀ràn. Ní 2006, ìjọba fẹ̀sùn kan ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ńlá kan ní New York pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2008, ọ́fíìsì náà gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là, àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú

Ẹjọ́ Pigford v. Glickman fi hàn ju èyíkéyìí lọ ohun tí agbẹjọ́rò lè ṣe fún agbo, àti ohun tó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú pè é ní Washington ní 1997, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ń fi owó yíyá dù wọ́n nítorí àwọ̀ ara wọn, pé nígbà tí wọ́n bá sì fẹjọ́ sùn, kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ọ́fíìsì tó yẹ kó máa wádìí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tú ká láti 1983. Gbèdéke ọjọ́ ti kọjá fún púpọ̀ nínú wọn, àfi ìgbà tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin ní 1998 pé kí wọ́n gbójú fò ó.

Ní oṣù kẹrin 1999, Adájọ́ Paul Friedman fọwọ́ sí ìlàjà náà. Àgbẹ̀ tí kò ní ìwé púpọ̀ lọ́wọ́ lè gba 50,000 dọ́là pẹ̀lú ìdáríjì gbèsè bó bá fi ẹ̀rí díẹ̀ hàn. Ẹni tó ní ẹ̀rí tó lágbára lè gba ọ̀nà kejì, tí owó rẹ̀ kò ní òdiwọ̀n. Ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là ló dọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó béèrè pọ̀ ju iye tí agbẹjọ́rò ti retí lọ fíìfíì. Àwọn agbẹjọ́rò ti gbà pé ọjọ́ pàtó kan ni wọn yóò kó ẹ̀bẹ̀ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ já kulẹ̀ wá, ọjọ́ náà sì kọjá mọ́ wọn lọ́wọ́, léraléra. Adájọ́ bá wọn wí, ó sì fi owó ìtanràn lé wọn lórí. Ní 2002, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti já àwọn àgbẹ̀ náà kulẹ̀, ìjọba lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà àwọn agbẹjọ́rò tiwọn. Ó ní kò sí bí àgbẹ̀ ṣe lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èyí máa ṣẹlẹ̀, nítorí náà adájọ́ lè tún ìlàjà náà ṣe kí ìyà agbẹjọ́rò má baà jẹ oníbàárà.

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ mìíràn kò gbọ́ nípa ẹjọ́ náà títí ọjọ́ fi kọjá. Òfin tí Ààrẹ Barack Obama fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá 2010 ló parí owó tiwọn, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù 1.25 dọ́là. Àwọn kan ti kú kí ó tó dé.

Ẹni tí agbẹjọ́rò agbo kò tẹ́ lọ́rùn

Ẹni tó wà nínú agbo lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ẹjọ́ owó kó sì gba agbẹjọ́rò tirẹ̀. Bí ohun tó pàdánù bá pọ̀, tí ẹ̀rí rẹ̀ sì dájú, èyí lè sàn fún un. Ó tún lè dúró nínú agbo kó sì tako ìlàjà níwájú adájọ́. Àwọn kan ti sọ àtakò di òwò: wọ́n á tako, ilé-iṣẹ́ tàbí agbẹjọ́rò agbo á fún wọn lówó, wọ́n á sì dákẹ́. Àtúnṣe 2018 ní kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gba irú owó bẹ́ẹ̀ láì jẹ́ pé adájọ́ fọwọ́ sí i.

Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní Nàìjíríà, ẹjọ́ tí ènìyàn díẹ̀ pè fún ara wọn àti lórúkọ àwọn yòókù kò ṣàjèjì. Ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé ló mọ́ àwọn Yorùbá lára jù nínú rẹ̀: àwọn àgbà ìdílé á pàdé, wọ́n á yan àwọn tó máa dúró, wọ́n á dá owó agbẹjọ́rò. Ilé-ẹjọ́ ń béèrè pé kí ìfẹ́ àti ẹ̀hónú wọn jẹ́ ọ̀kan, kí ohun tí wọ́n ń bèèrè sì ṣe gbogbo wọn láǹfààní. Òfin ìwà iṣẹ́ agbẹjọ́rò ti 2007 gba àdéhùn sísan owó lẹ́yìn ìjàre láyè nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, bí iye náà bá bọ́gbọ́n mu.

Àwọn ará Ogoni gbé ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ epo Shell lọ sí New York ní 2002 nínú ẹjọ́ Kiobel, tí wọ́n pè gẹ́gẹ́ bí àjùmọ̀pè. Ní 2013, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ní òfin tí wọ́n gùn lé kò dé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní London, ọ̀nà mìíràn ni àwọn ará Bodo, ìlú kan ní ilẹ̀ Ogoni, gbà lẹ́yìn tí epo rọ̀bì Shell tú sórí omi wọn ní 2008. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò Leigh Day kó wọn jọ, kì í ṣe ní àjùmọ̀pè ti Amẹ́ríkà, orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ìwé. Ní oṣù kìíní 2015, Shell gbà láti san 55 mílíọ̀nù pọ́n-ùn: 35 mílíọ̀nù fún nǹkan bí 15,600 ènìyàn, ogún mílíọ̀nù fún ìlú.